Ta Ni Ó Kọ́kọ́ Rí Ejò Funfun? Ìtàn Mọ́námọ́ná àti Àwọn Tó Ń Sìn Ín Nítorí Àwọ̀

Bí ènìyàn bá ka ìtàn àwọn tó ń sin ejò aláwọ̀ mèremère ní Amẹ́ríkà, orúkọ àti ọdún ni yóò máa bá pàdé. Ó wà lákọsílẹ̀ pé ní 1992 ni ọmọ ejò àfín àkọ́kọ́ pa nínú ẹyin lọ́dọ̀ Bob Clark. Ó wà lákọsílẹ̀ pé ní 1997 ni Peter Kahl fi hàn pé ejò tí funfun pín ara rẹ̀ sí abala abala lè bí irú ara rẹ̀. Ti Kevin McCurley ni 1999. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú àwọn ejò wọ̀nyí tí orírun rẹ̀ jẹ́ Amẹ́ríkà. Inú ihò òkété àti inú ògán ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti hú àwọn baba ńlá wọn jáde. Àgbẹ̀ kan tàbí ọdẹ kan ló kọ́kọ́ fojú kan ejò funfun yẹn, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú àpò. Orúkọ tirẹ̀ dà?

Ìbéèrè yìí ló mú mi kọ àròkọ yìí. Ọmọ ilẹ̀ Yewa ni mí, Ìlaròó ni mo ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìyá mi sì jẹ́ ọmọ Kétu ní ìkejì ẹnubodè. Èrò mi ni pé ìtàn àwọ̀ ejò yìí kì í ṣe ìtàn Amẹ́ríkà nìkan. Tiwa náà ni. Bí a kò bá sì kọ apá tiwa sílẹ̀, àlejò ni a ó máa jẹ́ nínú ìtàn ohun tó ti inú oko wa jáde.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ejò tó jẹ́. Ìbátan erè ni, ṣùgbọ́n kò tóbi tó erè. Erè lè gùn kọjá mítà 4. Ejò yìí kì í sábà kọjá mítà kan ààbọ̀. Mọ́námọ́ná ni àwọn àgbà ń pè é. Ara rẹ̀ dúdú, ó ní àbàwọ́n ńláńlá tó dà bí epo pupa tó ti dì, ikùn rẹ̀ sì funfun. Kò ní oró. Bí ènìyàn bá fọwọ́ kàn án, kì í sábà bu ènìyàn jẹ. Ṣe ni yóò ká ara rẹ̀ jọ, tí yóò fi orí pamọ́ sí àárín, tí gbogbo ara rẹ̀ yóò rí roboto. Ìdí nìyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń fi bọ́ọ̀lù pè é. Orúkọ tí George Shaw, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, fún un ní 1802 yàtọ̀ sí èyí: regius ló pè é, ìyẹn ni pé ti ọba ni. Láti Senegal títí dé Uganda ni a ti lè rí i. Abo rẹ̀ máa ń yé nǹkan bí ẹyin 6 lẹ́ẹ̀kan, a sì máa ká lé wọn lórí fún nǹkan bí oṣù 2 kí wọ́n tó pa.

Bàbá àgbà mi, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ dáko ní ọ̀nà Ayétòrò, sọ fún mi pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn máa ń bá a pàdé jù, nígbà tí wọ́n bá ń sun pápá tàbí tí wọ́n bá ń gbẹ́ òkété. Wọ́n ní àwọn kan á pa á jẹ, àwọn kan á tà á fún oníṣègùn, àwọn mìíràn á sì fi í sílẹ̀ kó máa lọ, nítorí eku tó ń ba àgbàdo jẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí èyí tó funfun rí. Wọ́n ní àwọn kò rí i, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn wà ní ọmọdé, àwọn gbọ́ nípa ọdẹ kan tó hú irú rẹ̀ jáde, tó sì rọra dá a padà sínú ihò nítorí ó gbà pé ẹni òrìṣà ni. Ọdẹ yẹn kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í.

Kì í ṣe ọdẹ yẹn nìkan ló bọ̀wọ̀ fún un. Láti Ìlaròó, bí ènìyàn bá gba Ìdí-Ìrókò kọjá, tó dé Àjàṣẹ́, tó kọjá Kútọnu, tó ń bá etí òkun lọ, yóò dé ìlú Ouidah. Ilé òrìṣà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kó mọ́námọ́ná sí, ó sì kọjú sí ilé ìjọsìn ńlá àwọn Kátólíìkì. Dangbe ni wọ́n ń pe òrìṣà náà. Bí ejò kan bá jáde ní òru wá oúnjẹ lọ, tó wọ ilé aládùúgbò, wọn kì í pa á. Wọ́n á gbé e padà ni. Àṣà yìí ti pẹ́. Willem Bosman, oníṣòwò ará Netherlands tó ta ẹrú tó sì ra ẹrú ní etíkun yìí, sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1704. Ó kọ ọ́ pé nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ kan jẹ ọ̀kan nínú àwọn ejò náà, ọba pàṣẹ pé kí wọ́n pa àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ìlú.

Ní 1727, Agaja ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Ouidah. William Snelgrave, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi ará Gẹ̀ẹ́sì kan, dé síbẹ̀ láìpẹ́ lẹ́yìn ogun náà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ní 1734 pé àwọn ọmọ ogun Dàhòmì gbá àwọn ejò náà mú, wọ́n ní bí wọ́n bá jẹ́ òrìṣà lóòótọ́, kí wọ́n sọ̀rọ̀ kí wọ́n sì gba ara wọn. Nígbà tí wọn kò fọhùn, wọ́n bẹ́ wọn lórí, wọ́n yan wọ́n, wọ́n sì jẹ wọ́n. Ẹni tó bá gbọ́ èyí yóò rò pé òpin ìsìn náà nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìsìn náà wà títí di òní, ó pẹ́ ju ìjọba Dàhòmì fúnra rẹ̀ lọ.

Ìdí tí mo fi mú ìtàn yìí wọlé ni pé ó kan ilẹ̀ wa. Ogun Dàhòmì kan náà ló fọ́ Kétu ní 1886, òun ló sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rú ní àwọn ìlú Yewa. Ọdún 3 lẹ́yìn tí Kétu fọ́, ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé tó pín ilẹ̀ náà. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ àti Ìlaròó bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá àti ọmọ di ará orílẹ̀-èdè méjì. Ejò nìkan ni kò mọ̀ pé wọ́n pín ilẹ̀. Mọ́námọ́ná tó wà ní oko Ìmẹ̀kọ àti èyí tó wà ní oko Kétu, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àmọ́ láti ìgbà náà ni òwò ìkejì ẹnubodè ti ń gba ọ̀nà tirẹ̀, òwò ejò náà sì gba ọ̀nà Lomé.

Ní 1973 ni àwọn orílẹ̀-èdè ayé pàdé ní Washington, tí wọ́n ṣe àdéhùn CITES lórí òwò ẹranko àti igi tí ó lè parẹ́. Àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní 1974, Gánà ní 1975, Tógò ní 1978, Benin ní 1984. Lábẹ́ àdéhùn yìí, a lè ta mọ́námọ́ná sí òkèèrè, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ bá a lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ka iye rẹ̀. Ìwé àṣẹ wọ̀nyí ló jẹ́ kí a mọ bí òwò náà ti pọ̀ tó: láti 1975, ó lé ní 3,000,000 mọ́námọ́ná tí wọ́n ti kó jáde láàyè láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà. Tógò, Benin àti Gánà ló kó wọn, Tógò ló sì ṣíwájú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é nìyí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí abo ejò bá ti lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ á máa wo ẹnu ihò. Wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kó abo àti ẹyin, wọ́n á gbé wọn fún alágbàtà. Alágbàtà á kó wọn dé ọgbà tí wọ́n ti ń pa ẹyin ní Lomé. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹyin á pa, wọ́n á sì kó àwọn ọmọ ejò sínú àpò aṣọ kéékèèké, wọ́n á gbé wọn wọ ọkọ̀ òfurufú. Apá kan nínú àwọn ejò ni wọ́n máa ń dá padà sínú igbó. Ẹni tó gbẹ́ ihò á gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ alágbàtà, á sì padà sí oko rẹ̀. Ibẹ̀ ni tirẹ̀ parí sí.

Ibẹ̀ gan-an ni ti àwọn tó ń sin ejò ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ejò, ọ̀kan á ṣèèṣì yọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti àwọn yòókù mu. Ọ̀kan á funfun bí ẹyin pẹ̀lú àbàwọ́n yẹ́lò, ojú rẹ̀ á sì pọ́n. Àfín nìyẹn. Nínú igbó, irú ejò bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ láyé, nítorí àṣá àti àwọn ẹranko mìíràn á tètè rí i. Ṣùgbọ́n ní ọjà, òun ni gbogbo ojú ń wá. Àwọn oníṣòwò láti Amẹ́ríkà máa ń wá sí Gánà àti Tógò fúnra wọn ní àsìkò tí ẹyin bá ń pa, kí wọ́n lè ṣa èyí tó ṣàrà ọ̀tọ̀ kí ẹlòmíràn tó rí i.

Rírà nìkan kò sọ ejò kan di púpọ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni a kọ́ nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ní kíláàsì wa, nígbà tí a ń kọ́ nípa Gregor Mendel tó gbin ẹ̀wà píì ní nǹkan bí 160 ọdún sẹ́yìn. Àbùdá ni ó ń sọ irú àwọ̀ tí ẹran yóò ní. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gba ìdá kan lọ́dọ̀ baba, ó ń gba ìdá kan lọ́dọ̀ ìyá. Kí ejò tó lè di àfín, ó gbọ́dọ̀ gba àbùdá àfín lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Nítorí náà, bí a bá fi akọ àfín gun abo tó dúdú lásán, gbogbo ọmọ wọn ni yóò dúdú. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yóò rò pé òun ti pàdánù owó òun. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan ló gbé àbùdá náà pamọ́ sára. Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá dàgbà, tí a sì fi wọ́n gun ara wọn, nínú ọmọ 4, ọ̀kan ni a lè máa retí pé yóò jẹ́ àfín. Bí a bá fi ọmọbìnrin gun baba rẹ̀ tó jẹ́ àfín, ìdajì ni a lè máa retí.

Abo mọ́námọ́ná sì lè lo ọdún 3 kó tó tó yé. Ẹyin 6 péré ló ń yé. Ẹ wo iye ọdún tí ẹni tó ra ejò àfín kan yóò fi dúró kó tó rí àfín mìíràn. Iṣẹ́ sùúrù ni, iṣẹ́ ìwé sì ni. Ó gbọ́dọ̀ kọ baba àti ìyá ejò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gun ara wọn, ọjọ́ tí ẹyin pa, irú ọmọ tó jáde. Bí ìwé yẹn bá sọnù, ejò tó gbé àbùdá pamọ́ àti èyí tí kò gbé nǹkan kan yóò rí bákan náà lójú ẹni tó ń wò wọ́n. Ohun tí Bob Clark ní ní 1992 nìyẹn, yàtọ̀ sí ejò: ó mọ irú ọmọ ta ni ejò kọ̀ọ̀kan jẹ́.

Lẹ́yìn 1992 ni ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n rí i pé kì í ṣe gbogbo àwọ̀ ló ń ṣe bíi ti àfín. Ti ejò alábala funfun ti 1997 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń pè ní pastel kò nílò ju àbùdá kan lọ kí àwọ̀ rẹ̀ tó hàn, bí ó bá sì gba méjì, àwọ̀ náà á tún tàn sí i. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ pọ̀ mọ́ àwọ̀, bí aláró ti ń pa aró pọ̀. Bí ẹnì kan bá ń wá ejò tó gba oríṣi àbùdá méjì tó ń fara pamọ́, ọ̀kan nínú ọmọ 16 ni ìṣirò fún un. Nígbà tí ejò àfín ṣì ṣọ̀wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń tà á. Nígbà tí ó di púpọ̀, owó rẹ̀ já wálẹ̀, àwọn tó ń sin ejò sì tún wá àwọ̀ mìíràn. Ìdí kan nìyẹn tí àpò ejò fi ń jáde ní Lomé títí di òní: wọ́n ṣì ń wá àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní.

Mo fẹ́ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọsirélíà wé èyí. Alángbá kan wà níbẹ̀ tó ní ẹ̀gún yí ọ̀fun rẹ̀ ká. Bí inú bá bí i, ó máa ń fẹ ọ̀fun náà, á sì dúdú bí irùngbọ̀n. Ìbátan alángbá olórí pupa tó ń mirí lórí ògiri wa ni. Alángbá onírùngbọ̀n yìí wà lára àwọn ẹran àfayàfà tí wọ́n ń sìn jù nínú ilé lágbàáyé, wọ́n sì ti sin ín di pupa, di yẹ́lò, di funfun. Ní àwọn ọdún 1990, ìran pupa kan tí wọ́n ń pè ní Sandfire gbajúmọ̀ ní California. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1960 ni ìjọba Ọsirélíà ti fòfin de kíkó ẹranko ilẹ̀ wọn jáde fún títà. Àwọn ìwọ̀nba tó jáde lọ́nà ẹ̀bùrú ni wọ́n fi di ọ̀pọ̀lọpọ̀ tó wà káàkiri lónìí. Àwọ̀ yòówù tí wọ́n ń wá lára alángbá náà, inú ilé wọn ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ wá a, kì í ṣe nínú aṣálẹ̀ Ọsirélíà. Ní tiwa, ọ̀nà ṣì ṣí sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, èrò kan náà ni, ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè kan ti ilẹ̀kùn, àwọn mìíràn fi sílẹ̀ gbayawu. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Owó nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń ra àwọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ náà mu ju bí àwọn tó pa á ti lè rò lọ. Ejò ti 1999 tí mo dárúkọ lókè ni wọ́n ń pè ní spider, nítorí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lára rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n gbogbo ejò tó bá ní àbùdá yìí ni orí rẹ̀ ń gbọ̀n. Òmíràn kò lè mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀, á máa yí orí po. Ní 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì fi ẹ̀rọ wo inú orí àwọn ejò yìí, wọ́n sì rí i pé inú etí wọn níbi tí ara ti ń mọ ìdúró kò pé bó ṣe yẹ. Àbùdá tó fún un ní ìlà dáradára ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Lára alángbá onírùngbọ̀n náà, àwọn kan wà tí wọ́n sìn kí awọ wọn lè dán. Bí wọ́n bá fi irú méjì bẹ́ẹ̀ gun ara wọn, apá kan nínú ọmọ wọn kì í ní ìpẹ́ rárá. Awọ wọn á rọ̀ bí aṣọ ṣẹ́ẹ̀dà, nǹkan díẹ̀ á sì ti ya á. Àwọn ìyá wa tó ń sin adìyẹ òpìpì mọ irú èyí: adìyẹ tí kò ní ìyẹ́ tó máa ń tètè mọ òtútù lára, wọ́n sì ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ọ́mọ̀ sin ín kó lè jìyà.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tó kàn mí jù. Ní 2022 kan náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní Eastern Michigan University ní Amẹ́ríkà gba awọ tí mọ́námọ́ná bọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń sìn wọ́n, wọ́n sì wá àbùdá tó ń sọ wọ́n di àfín. Wọ́n rí i pé TYR ni ti ejò àfín tó wọ́pọ̀, OCA2 sì ni ti oríṣi mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ rí bí òdòdó. Àbùdá méjèèjì yìí wà lára ènìyàn pẹ̀lú. OCA2 ló sì wọ́pọ̀ jù lára àwọn àfín ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Àfín kan wà ní kíláàsì wa. Iwájú ló máa ń jókòó nítorí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà, kì í sì í bọ́ fìlà rẹ̀ bí oòrùn bá mú. Mo ti gbọ́ orúkọ tí àwọn kan ń pè é lójú ọ̀nà. Àwọn baba wa kò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe àfín, Ọbàtálá ni wọ́n ní ó mọ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ohun kan náà tí ènìyàn ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lé lórí lára ejò ni ẹlòmíràn fi ń bú ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ó bá jẹ́ pé òun ni ejò, àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́ òun ì bá ti kọ́kọ́ gbé òun lọ sí Lomé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ìbéèrè mi. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ní sùúrù, àwọn ló ṣe ìṣirò, nítorí náà àwọn ló ni ìtàn. Mo gbà pé iṣẹ́ ni wọ́n ṣe, mo sì ti sọ bí iṣẹ́ náà ti le tó. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́ ihò pẹ̀lú. Òun ló mọ ihò tó ní ejò nínú yàtọ̀ sí ihò tó jẹ́ ti òkété nìkan. Òun ló mọ oṣù tí abo ń lóyún. Òun ló mọ̀ pé èyí tó wà lọ́wọ́ òun kò dà bí èyí tí baba òun ti ń rí. Bí kò bá mọ ìyàtọ̀, kì bá tí mú un wá. Ohun tó mú kí orúkọ Amẹ́ríkà wà nínú ìtàn, tí tirẹ̀ kò sì sí níbẹ̀, ni pé wọ́n ní ìwé, òun kò ní. Alágbàtà kò bi í ní orúkọ, kò bi í ní orúkọ oko rẹ̀. Láti orí alágbàtà ni àkọsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì nìkan ni èyí. Ní 2021, àjọ IUCN tó ń wo bí ẹranko ayé ti ń dín kù kọ mọ́námọ́ná mọ́ àwọn tó ti súnmọ́ ewu. Òwò òkèèrè nìkan kọ́ ló fà á. Jíjẹ rẹ̀, fífi í ṣe oògùn, àti igbó tí a ń ṣán náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ ibi tí ejò ti ń jáde àti ọdún tí ó jáde, a kò ní mọ oko tí ó ti ń parẹ́. Àwọn tó ń ra á mọ ìran ejò kọ̀ọ̀kan dé orí baba ńlá. Ó yẹ kí àwa náà lè sọ iye ihò tí ejò ṣì ń gbé ní oko Ọ̀hùnbẹ tàbí ti Ìmẹ̀kọ.

Àwọn tó lè sọ ọ́ fún wa ṣì wà láàyè. Àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tó jẹ́ ẹgbẹ́ bàbá àgbà mi wà ní Ayétòrò, ní Ìlaròó, ní Kétu, wọ́n sì ń dàgbà. Èdè kan náà ni a jọ ń sọ, kò sí ògbufọ̀ tí a ó háyà. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì Olabisi Onabanjo wà ní Ayétòrò níbẹ̀. Bí àwa akẹ́kọ̀ọ́ bá mú ìwé àti kálámù tọ àwọn àgbà wọ̀nyí lọ, kí a bi wọ́n ohun tí wọ́n rí, irú àwọ̀ tó ní, oko tó jẹ́, àti ọdún tí ó jẹ́, kí a sì kọ orúkọ wọn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá gbà wá láyè, a ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ti bàbá àgbà mi. Ojú ewé kan péré ni: ejò funfun kan, ọ̀nà Ayétòrò, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọdẹ dá a padà sínú ihò.

Ìtàn tó bá mọ ọdún tí ẹyin pa ní Amẹ́ríkà, tí kò mọ oko tí wọ́n ti hú ìyá rẹ̀, ìdajì ìtàn ni. Àwa la ni ìdajì kejì, ọwọ́ wa ló sì kù sí.